Omi Tó Ń Kán Nínú Ògiri

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè rí ibi wọ̀. Ògiri tí ìtàn yìí dá lé lórí lanu, àmọ́ kì í ṣe aláǹgbá ló wọ̀ ọ́, omi ni. Ọwọ́ èèyàn ló sì la ẹnu rẹ̀, ọwọ́ ọmọ inú ilé, ọwọ́ àkọ́bí. Ọlọ́run tó dá etí náà ló dá ẹnu. Ó mọ ohun tí etí ti gbọ́, ó sì ti ń dúró de ẹnu láti ọjọ́ yẹn wá. Ẹ jẹ́ kí ẹnu sọ ọ́ lónìí, torí ọ̀rọ̀ tó bá pẹ́ jù nínú kì í gbé ibẹ̀ jẹ́ẹ́. Ńṣe ló máa ń rà, á sì ra ẹni tó gbé e mì mọ́ ara rẹ̀. Kí Ẹlẹ́dàá má jẹ̀ẹ́ kí inú wa di ibojì òtítọ́.

Kìíjò ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà níbi iṣẹ́. Pulọ́ńbà ni. Nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, tẹ́nu rẹ̀ ṣì mú, ó máa ń fọwọ́ sọ̀yà fún àwọn oníbàárà pé, "Iṣẹ́ tèmi kì í jò." Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí tí yẹ̀yẹ́ fi di orúkọ, orúkọ náà sì di ẹ̀wù tí kò rí bọ́ mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí à ń wí yìí, orí eékún méjèèjì ló wà nínú ilé ìdáná ìyá rẹ̀, níwájú fáàfù tó ń pa omi gbogbo ilé náà. Òun fúnra rẹ̀ ló fi fáàfù ọ̀hún síbẹ̀ nígbà kan. Ó ti gan báyìí. Èèyàn á yí i títí, kò ní pa omi. Yíyọ ló kù, kí wọ́n fi tuntun sí i. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló di tọ́ọ̀ṣì mú lẹ́yìn rẹ̀, ohun tí kò sì fẹ́ gan-an nìyẹn.

Ó ti kọ́kọ́ sọ fún un pé, "Jẹ́ kí n gbé tọ́ọ̀ṣì yẹn lé nǹkan, kó o lọ jókòó ti Màmá."

"Bùọ̀dá, Màmá ló ní kí n wá bá yín tanná. Wọ́n ní ojú yín ti ń ṣe bàìbàì."

"Màmá tó kí aṣọ tá a ta sẹ́nu ọ̀nà káàárọ̀ ló ń bú ojú tèmi?"

Àbúrò náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín rẹ̀ ti kúrú. Tẹ́lẹ̀, tó bá rẹ́rìn-ín nínú ilé yìí, ará ilé kejì á béèrè ohun tó pa á lẹ́rìn-ín.

Aránṣọ ni. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é ládùúgbò, torí pé ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì máa ń gúnni láì fa ẹ̀jẹ̀. Ilé àǹtí wọn, àbúrò ìyá wọn, nílùú mìíràn ló ń gbé báyìí. Ó wálé torí pé ìyá wọn ṣubú, kò sì lè dá rìn mọ́. Ó di dandan kí ẹnì kan máa bá ìyá náà gbé. Abẹ́rẹ́ di aṣọ rẹ̀ sápò, ó wá kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀, ó ní kó jẹ́ kí òun padà wálé wá tọ́jú rẹ̀. Ìyá náà wò ó títí, ó wá ní, "Ọmọ mi, ìwọ tó ò ń gbọ́ ohun tí kò sí, nínú èmi àtìwọ, ta ni yóò máa tọ́jú ta?" Wọ́n ti bá obìnrin kan tẹ́nikẹ́ni ò mọ̀ rí sọ̀rọ̀ pé kó wá gbaṣẹ́ náà. Ní ọ̀la, Abẹ́rẹ́ yóò gbé àpò rẹ̀ padà. Kìíjò nìkan ló mọ̀, nínú gbogbo ẹni tó ń mí, pé ohun tí àbúrò òun gbọ́ wà.

Ọ̀rọ̀ kan péré ni, ó sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ dà bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé títí tó fi kú. Ó mọ̀ pé tòun ni, kò kàn mọ̀ ọ́n lára.

Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn lójúde. Abẹ́rẹ́ gbórí sókè.

"Bùọ̀dá, ṣé ẹ gbọ́ ọ? Ṣé wọ́n kanlẹ̀kùn?"

"Wọ́n kàn án. Ilé kejì ni."

"Ẹ ṣé," ló wí, bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ tí wọ́n bu omi fún.

Bó ti ń ṣe láti ìgbà tó ti dé nìyẹn. Tí ọmọ bá ké lóde, á béèrè. Tí òjò bá kán sórí páànù, á béèrè. Kì í gba etí rẹ̀ gbọ́ àfi tí ẹlòmíì bá jẹ́rìí sí i. Àárọ̀ ni Kìíjò ti ṣàkíyèsí rẹ̀. Ó wá ìbànújẹ́ nínú ara rẹ̀ bí èèyàn ṣe ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò, kò rí i. Ó jẹ búrẹ́dì rẹ̀ tán, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀.

Ó ti lọ pa omi láti ojú pópó, ó ti ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi inú ilé kí ìyókù lè dà jáde, ó sì ti gbé báàkẹ́ẹ̀tì sábẹ́ páìpù. Bó ṣe ku kó gbé sípánà lé e, ojú rẹ̀ bọ́ sórí ọ̀dà funfun tó fi kun oríkèé náà, ibi tí fáàfù ti so mọ́ páìpù. Ọ̀dà náà ti sán. Láàárín ibi tó ti sán, rọ́bà dúdú yọjú, rọ́bà tó gé lára tiúbù kẹ̀kẹ́. Ó so ó yípo bí ẹni di ọgbẹ́. Iná tọ́ọ̀ṣì sì wà lórí rẹ̀ gbọnrangandan.

"Kí nìyẹn, Bùọ̀dá?"

Kìíjò tẹjú mọ́ rọ́bà náà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tó fi fáàfù ọ̀hún síbẹ̀ ló ń rí.

Fáàfù àtijọ́ tí baba wọn fi sílẹ̀ ti bà jẹ́, ó wá fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Ìyá wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ní, "Ọmọ mi, jẹ́ kí ibi tí mo máa dì mú kọjú sí mi o. Ìka mi ò gùn dé ara ògiri." Ó gbọ́. Ó nu eyín páìpù náà mọ́ tónítóní, ibi tí wọ́n gé yípo kí nǹkan lè wé mọ́ ọn. Ó wé téèpù, èyí tí kì í jẹ́ kí omi jò, síbi tó yẹ kó wé e sí, ó fi ọwọ́ yí fáàfù wọlé kó tó fi sípánà kan di páìpù mú, tó fi èkejì fà á. Ó le, ó jókòó dáadáa, ibi ìdìmú rẹ̀ sì kọjú sí ìyá rẹ̀. Ibẹ̀ ló yẹ kó ti dúró. Àmọ́ ìyá náà ti gbé oríkì rẹ̀ sókè:

"Ọmọ mi, a-sọ-fómi-kó-dúró!
Omi ń hó, omi ń ru, ó ń wá ẹni tí yóò gbé lọ,
Ó rí ọmọ mi lókèèrè, ó tẹríba bí ìyàwó tuntun.
Ọmọ a-fọwọ́-irin-tún-ilé-ṣe,
Ọmọ baba tí kì í purọ́.
Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni,
Bó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ayé lọ sùn."

Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá kì rí mọ ohun tó ń ṣe ọmọ lásìkò yẹn. Orí á wú, ẹ̀jẹ̀ á sáré, ọwọ́ á gba agbára tí kì í ṣe tirẹ̀. Kìíjò tún fà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Kì í ṣe iṣẹ́ ló béèrè fún un, oríkì ni. Fáàfù náà yí, ó kọjú sí ògiri.

Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ti sọ ọ́ títí ẹnu rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó: "Tó o bá ti kọjá ibi tó o fẹ́, má yí i padà o. Wíwọlé ni téèpù mọ̀, kò mọ ìpadàsẹ́yìn. Tó o bá yí i padà, ó ti ya nínú. Tú gbogbo rẹ̀, wé e tuntun." Kò sí pulọ́ńbà tí kò mọ èyí. Ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ṣe ń tú iṣẹ́ palẹ̀ lójú ìyá tó ń ki oríkì ẹni? Ó yí i padà díẹ̀, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni yí ojú ọmọ tó ń sùn síhà kejì. Ìyá rẹ̀ pàtẹ́wọ́. Nígbà tó ń fọwọ́, ó rí ẹ̀kán omi kan lára oríkèé náà. Ó nù ún, ó tún yọ. Ó gé rọ́bà, ó so ó pinpin, ó kun ọ̀dà lé e. Omi tí wọ́n dí níwájú ò lọ sílé. Ẹ̀yìn ló gbà, ó tọ ara páìpù wọnú ògiri.

"Bùọ̀dá? Kí lẹ so mọ́ ọn?"

"Abẹ́rẹ́," ló wí. Ó ti pẹ́ tó ti pè é bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

"Bùọ̀dá."

"Omi wà nínú ògiri yẹn."

"Ògiri wo?"

"Èyí tí maṣíìnì ìránṣọ rẹ máa ń kọ̀yìn sí."

Iná tọ́ọ̀ṣì náà ò mì. Kìíjò dojú kọ páìpù, kò yíjú, torí ó mọ̀ pé bóun bá yíjú, òun á dákẹ́.

"Má dá sí i o, jẹ́ kí n parí ẹ̀. Èmi ni mo ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Mo yí i padà nígbà tí kò yẹ kí n yí i padà, ó ń jò, mo sì rí i pé ó ń jò, mo fi rọ́bà bò ó. Ìyẹn kéré. Ọ̀pọ̀ pulọ́ńbà ti ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á padà wá tún un ṣe. Èmi náà ní màá padà wá. Mo ń sọ ọ́ lójoojúmọ́, mi ò wá. Ìgbà tó yá, ògiri yàrá rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í rin, aṣọ àwọn oníbàárà rẹ bu, Màmá ní ìwọ lò ń fọṣọ tó o ń domi sílẹ̀. O sọ fún wọn pé omi wà nínú ògiri, pé tí maṣíìnì rẹ bá ti dákẹ́, o máa ń gbọ́ ọ. Màmá tẹ́tí, wọn ò gbọ́, o mọ bí etí wọn ṣe rí. Wọ́n wá ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ní, 'Ìwọ lo mọ omi, wá bá wa yẹ̀ ẹ́ wò.' Ṣé o rántí? Ìwọ lo bá mi gbé àpótí kúrò níbẹ̀. O ní, 'Bùọ̀dá, ẹ gbé etí sí ibí yìí, ẹ ó gbọ́ ọ.' Mo gbé etí sí i."

Ó fi ọ̀bẹ gé rọ́bà náà kúrò. Ó gbé sípánà lé fáàfù tó gan náà, ó fà á. Irin náà ké, ó sì jọ̀wọ́. Omi tó kù nínú páìpù dà sínú báàkẹ́ẹ̀tì, ó pọ́n bí omi tí wọ́n fi fọ ọgbẹ́.

"Mo gbọ́ ọ, àbúrò mi. Mo gbọ́ ọ kedere bí mo ṣe ń gbọ́ ohùn ara mi yìí. Mo nàró, mo gbọn eruku kúrò ní etí mi, mo ní, 'Mi ò gbọ́ nǹkan kan.' O ní, 'Ẹ tún un gbọ́.' Mo tún gbé etí sí i, mo tún gbọ́ ọ, mo tún ní mi ò gbọ́. Mo rí ojú rẹ. Kò tíì tán o. Mo fa Màmá sẹ́yìn ilé, mo ní, 'Màmá, ẹ rántí bó ṣe ṣe lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀, bó ṣe ń gbọ́ ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ lọ́ọ̀dẹ̀. Ó dà bíi pé ó ti tún bẹ̀rẹ̀.' Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Wọn ò ronú kàn án tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo fi lé wọn lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n ti mú ọ lọ sílé Àǹtí, mo wá síbí lọ́jọ́ tí Màmá lọ sílé àdúrà, mo so rọ́bà míì lé ti àkọ́kọ́, mo tún kun ọ̀dà lé e, mo fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ògiri. Ó dáwọ́ dúró. Màmá wá ń sọ fún gbogbo èèyàn pé, 'Ẹ ò rí nǹkan bí? Láti ìgbà tó ti lọ, ògiri gbẹ.' Mo jókòó níbẹ̀, mo ní, 'Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.'"

Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Kì í fi gbogbo ìgbà rí bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíì a máa da á sílẹ̀, kí àbúrò rẹ̀ sì máa fẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́ lọ. Kìíjò ń retí kí àbúrò rẹ̀ pariwo. Ó tilẹ̀ ń fẹ́ kó fi tọ́ọ̀ṣì náà là á lórí. Abẹ́rẹ́ ò ṣe èyíkéyìí. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ rí bákan náà pẹ̀lú ìgbà tó ń béèrè ẹni tó kanlẹ̀kùn.

"Báwo ló ṣe ń dún?"

"Kí lo wí?"

"Omi náà. Ẹ ní ẹ gbọ́ ọ. Báwo ló ṣe ń dún?"

"Ó ń kán ni. Tó, tó, tó."

"Rárá o. Á kán méjì tẹ̀ lé ara wọn, á dákẹ́ bí ẹni tó fẹ́ mí, á wá kán ẹyọ kan."

Kìíjò dijú. Ó tún gbé etí sí ògiri yẹn nínú ọkàn rẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni," ló wí. "Bó ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn."

"Ẹ gbọ́ ẹyọ kan yẹn?"

"Mo gbọ́ ọ."

"Hẹ̀n." Abẹ́rẹ́ pa tọ́ọ̀ṣì náà, ó tún tàn án, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. "Oògùn tí wọ́n ń fún mi lọ́hùn-ún máa ń kùn mí lóorun. Mo gé apá aṣọ ìyàwó kan sódì. Àwọn oníbàárà ò gbé aṣọ wá fún mi mọ́. Tílẹ̀ bá mọ́, àwọn ọmọ Àǹtí á máa fi mí ṣeré, wọ́n á ní, 'Àǹtí, ṣé ẹ gbọ́ erin tó kọjá?' Èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ bóyá kò kọjá lóòótọ́."

"Dárí jì mí," ni Kìíjò wí. "Mi ò lẹ́nu tí mo fi ń bẹ̀ ọ́, mo kàn ń bẹ̀ ọ́ náà ni. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé, mo jẹ́ kí wọ́n gé tìrẹ. Ọlọ́run mọ̀ pé..."

"Ẹ jẹ́ ká fi Ọlọ́run sílẹ̀ ná. Ẹ wé téèpù yín. Àwọn ará àdúgbò ò rómi lò látìgbà tẹ́ ẹ ti pa á."

Ó nu eyín páìpù náà. Ìpẹtà ti jẹ ẹ́ díẹ̀, ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á títí ó fi ń dán. Ó wé téèpù, ó fi ọwọ́ yí fáàfù tuntun náà wọlé. Ọwọ́ rẹ̀ ṣe gbogbo rẹ̀ bí ẹni tí kò sí nílé. Bó ṣe ń ṣe é ló fi ohùn kékeré sọ èyí tó burú ju gbogbo ohun tó ti sọ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn lọ, kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó burú:

"Jẹ́ kọ́rọ̀ yìí wà láàárín àwa méjèèjì. Màmá ti dàgbà. Má jẹ̀ẹ́ ká fi ìbànújẹ́ kún ìnira ìdí tó ń dùn wọ́n. Màá sọ fún wọn pé ara rẹ ti yá, pé mo ti yẹ̀ ọ́ wò dáadáa, kí wọ́n jẹ́ kó o padà wálé. Wọn kì í kọ ọ̀rọ̀ mi."

"Pé ara mi ti yá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Bùọ̀dá, kí ló ṣe mí?"

Kìíjò yíjú sí páìpù náà. Ó gbé sípánà, ó fà á. Fáàfù náà wọlé, ó ń le bọ̀, ibi ìdìmú rẹ̀ ń yí bọ̀ láti ara ògiri, ó wá kọjú síta, ó jókòó. Ó tó. Ní yàrá ìgbàlejò, arúgbó inú àga gbọ́ irin tó ń ké, ìyẹn wọ etí tí ẹ̀kán omi ò lè wọ̀, ó mọ̀ pé ọmọ òun ló wà nídìí iṣẹ́. Ó gbé ohùn sókè. Ohùn náà ti ya, àmọ́ àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì ń kọ́wọ̀ọ́ rìn:

"Ọmọ mi, a-sọ-fómi-kó-dúró!
Omi ń hó, omi ń ru, ó ń wá ẹni tí yóò gbé lọ..."

Orí Kìíjò wú. Ó yà á lẹ́nu pé ó ṣì lè wú. Apá rẹ̀ le, ó ń fẹ́ fà á lẹ́ẹ̀kan sí i, bíi tọjọ́sí. Ó wo ọwọ́ náà. Ó ń retí ìlà kan, ìlà náà sì dé:

"Ọmọ baba tí kì í purọ́..."

Sípánà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó já lu báàkẹ́ẹ̀tì, omi pípọ́n yẹn fọ́n ká sára aṣọ àwọn méjèèjì. Oríkì dúró.

"Kí ló bọ́ yẹn?" ni ìyá wọn ké láti ọ̀hún. "Kí ló dé tẹ́ ẹ dákẹ́? Kí lẹ̀yin méjèèjì ń bá ara yín sọ níbẹ̀ láti àárọ̀?"

Abẹ́rẹ́ gbórí sókè. Kìíjò ń dúró kó béèrè lọ́wọ́ òun bóyá òun náà gbọ́ ọ. Kò béèrè. Ó gbé tọ́ọ̀ṣì náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu omi kúrò lójú.

"Màmá ń pè yín," ló wí. "Ẹ dá wọn lóhùn."